Àbúrò mi wà lábẹ́ ètò gbèsè nílé ẹjọ́ Amẹ́ríkà, ọkọ̀ rẹ̀ sì ti run: báwo ni yóò ṣe ra òmíràn?

Aláṣọ Ouando (Àjàṣẹ́)

Mo kí gbogbo àgbà tó wà níbí, mo sì kí ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi. Ọ̀rọ̀ ẹbí wa ni mo gbé wá. Ìpàdé ẹbí yóò wáyé lọ́jọ́ Àìkú tó ń bọ̀, gbogbo wa ni a sì fẹ́ ran ọmọ wa lọ́wọ́, ṣùgbọ́n kò sí ẹnikẹ́ni láàárín wa tó mọ òfin ibi tí ó wà.

Àbúrò mi ọkùnrin ló jẹ lọ́tìrì físà Amẹ́ríkà, ó sì ń gbé ní Texas, níbi tí ó ti ń ṣiṣẹ́ òru ní ilé ìkẹ́rùsí ńlá kan. Ó ṣàìsàn ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún un, owó ilé ìwòsàn sì wọ̀ ọ́ lọ́rùn débi pé ó ń fi káàdì bánkì yáwó jẹun, tí ó sì ń fi gbèsè kan san òmíràn. Nígbà tí apá rẹ̀ kò ká a mọ́, ó gba agbẹjọ́rò, ó sì lọ kéde nílé ẹjọ́ pé òun kò lè san gbogbo rẹ̀ bí ó ti wà. Wọ́n ṣètò iye kan fún un tí yóò máa san lóṣooṣù fún ọdún márùn-ún. Ó ti ń san án bọ̀ láìyẹ̀, ó sì ti lé ní ọdún kan báyìí.

Ní oṣù tó kọjá, ọkọ̀ akẹ́rù kan gbá ọkọ̀ rẹ̀ ní oríta. Ọlọ́run kó o yọ, ẹsẹ̀ nìkan ni ó fi pa, ṣùgbọ́n ilé-iṣẹ́ ìbánigbófò ní ọkọ̀ náà kò ṣeé tún ṣe mọ́. Ibi iṣẹ́ rẹ̀ jìnnà sí ilé, kò sí bọ́ọ̀sì tó ń lọ síbẹ̀ lóru, kò sì sí zémidjan, ìyẹn ọ̀kadà, tí a lè nawọ́ dá dúró bí a ti ń ṣe lẹ́nu ọ̀nà ọjà wa ní Àjàṣẹ́, ní Bẹ̀nẹ̀ níbí. Bí iṣẹ́ náà bá bọ́, kò ní rí owó oṣooṣù ilé ẹjọ́ san mọ́, gbogbo ohun tí ó ti ń san bọ̀ yóò sì dàrú.

Ọ̀nà mẹ́ta ni wọ́n fi hàn án. Ilé ìtajà ọkọ̀ kan ti ṣetán láti fún un lọ́kọ̀ láwìn lọ́jọ́ tí ó bá ti débẹ̀, wọ́n sì sọ fún un pé kò pọn dandan kí ilé ẹjọ́ gbọ́ sí i. Ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá wa tí ó wà ní ìlú kan náà ní òun lè fi orúkọ ara òun yáwó ra ọkọ̀, kí àbúrò mi sì máa san án fún òun. Ìyá wa ní tirẹ̀ ní kí a ta ilẹ̀ tí bàbá wa fi sílẹ̀ lọ́nà Avrankou, kí a fi owó rẹ̀ ránṣẹ́. Ẹ jọ̀wọ́, èwo ni kí a ṣe? Ọ̀rọ̀ ilẹ̀ yẹn ló ń bà mí lẹ́rù jù, nítorí pé a kò ní òmíràn.

Akọ̀wé Kétu

Aláṣọ, ẹ kú ìrọ́jú o. A dúpẹ́ pé ẹ̀mí kò bá a lọ.

Kí ẹnikẹ́ni tó fèsì, ohun mẹ́ta wà tí ó yẹ kí a mọ̀. Ẹ̀ka òfin gbèsè Amẹ́ríkà wo ni ó wà, ṣé Orí 7 ni, níbi tí wọ́n ti lè ta ohun ìní onígbèsè láti san gbèsè, tàbí Orí 13, èyí tí wọ́n ń pè ní Chapter 13, níbi tí ó ti ń san án díẹ̀díẹ̀ lóṣooṣù? Ọdún márùn-ún tí ẹ mẹ́nu bà jọ Orí 13, ṣùgbọ́n ẹ bi í léèrè. Ṣé gbèsè ṣì wà lórí ọkọ̀ tó run náà? Ṣé agbẹjọ́rò rẹ̀ sì ti gbọ́ pé ọkọ̀ náà run?

Aláṣọ Ouando (Àjàṣẹ́)

Ẹ ṣeun, Bàbá. Mo bá a sọ̀rọ̀ lálẹ́ àná. Orí 13 ni. Gbèsè díẹ̀ ṣì kù lórí ọkọ̀ náà, inú owó oṣooṣù ilé ẹjọ́ ni wọ́n sì ti ń san án fún ẹni tó yá a lówó. Agbẹjọ́rò kò tíì gbọ́. Ó ní ojú ń ti òun láti pè é, kí wọ́n má baà sọ pé òun tún ti fẹ́ kó sí gbèsè.

Onítumọ̀ (Àjàṣẹ́)

Ẹ̀gbọ́n Aláṣọ, ẹ pè é padà lálẹ́ òní, kí ẹ sì sọ fún un pé agbẹjọ́rò ni kí ó kọ́kọ́ pè, kí ó tó tún bá oníṣòwò ọkọ̀ kankan sọ̀rọ̀. Mo gbé ní Houston fún ọ̀pọ̀ ọdún, mo sì ṣe ògbufọ̀ fún àwọn ará wa ní ọ́fíìsì agbẹjọ́rò kan tí kì í ṣe iṣẹ́ mìíràn ju ọ̀rọ̀ gbèsè lọ. Kì í ṣe ohun ìtìjú níbẹ̀ rárá. Láàárín ọdún márùn-ún, ọkọ̀ a máa run, ẹ́ńjìnnì a máa kú. Àwọn agbẹjọ́rò ń rí i nígbà gbogbo, ọ̀nà sì wà fún un.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé bí ètò náà ti rí, kí ẹ lè rí ohun sọ níwájú ẹbí. Lọ́jọ́ tí onígbèsè bá ti fi ìwé sílé ẹjọ́, òfin dá àwọn olówó dúró: wọn kò gbọdọ̀ máa pè é láti fi gbèsè dà á láàmú, wọn kò gbọdọ̀ wá wọ́ ọkọ̀ rẹ̀ lọ láìgba àṣẹ ilé ẹjọ́, kò sí ẹni tó lè wá dógò tì í. Lábẹ́ Orí 13, ọdún mẹ́ta sí márùn-ún ni yóò fi máa san ohun tí agbára rẹ̀ ká fún alábòójútó tí a yàn, alábòójútó ni yóò sì pín in fún àwọn olówó. Bí ó bá san án dé òpin, ilé ẹjọ́ yóò dá a sílẹ̀ kúrò nínú èyí tó pọ̀ jù lára gbèsè tó ṣẹ́kù, owó ilé ìwòsàn àti owó káàdì sì wà lára ohun tí wọ́n máa ń dá ènìyàn sílẹ̀ kúrò nínú rẹ̀. Bí ó bá dáwọ́ dúró láàárín ọ̀nà, wọ́n lè fagi lé ẹjọ́ náà, àwọn olówó yóò sì padà dé sí i lórí. Ìdí nìyí tí wọn kò fi fẹ́ kí ó jẹ gbèsè tuntun láìgbàṣẹ, nítorí pé inú owó tí ó ti ṣèlérí fún àwọn tó wà nílẹ̀ ni yóò ti máa mú owó gbèsè tuntun náà.

Nítorí náà, ó lè ra ọkọ̀ láwìn nígbà tí ó wà lábẹ́ Orí 13, ṣùgbọ́n ó gbọ́dọ̀ gba àṣẹ kí ó tó fọwọ́ sí ìwé kankan. Ní àgbègbè kan, alábòójútó fúnra rẹ̀ lè gbà á láyè bí owó náà kò bá pọ̀. Ní àgbègbè mìíràn, adájọ́ ni yóò pàṣẹ. Agbẹjọ́rò rẹ̀ mọ èyí tó kan ibi tí ó wà. Ohun tí wọ́n máa ń béèrè ni ìwé kan láti ọ̀dọ̀ oníṣòwò ọkọ̀, tí yóò fi hàn ọdún tí wọ́n ṣe ọkọ̀ náà, iye máìlì tí ó ti rìn, iye tí wọ́n ń tà á, èlé tó wà lórí rẹ̀, iye tí yóò máa san lóṣooṣù àti iye oṣù tí yóò fi san án. Agbẹjọ́rò yóò wá so ìwé owó oṣù rẹ̀ àti ìṣirò ìnáwó ilé rẹ̀ mọ́ ọn, láti fi hàn pé owó ọkọ̀ kò ní jẹ owó alábòójútó run. Bí ìṣirò náà kò bá wọlé, agbẹjọ́rò tún lè bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n yí iye tó ń san lóṣooṣù padà. Ó lè gba ọ̀sẹ̀ mélòó kan, torí pé a sábà máa ń fi tó àwọn olówó létí, kí ẹni tí kò bá fara mọ́ ọn lè sọ̀rọ̀.

Ṣùgbọ́n kí ọ̀rọ̀ tó kan owó yíyá, ẹ jẹ́ kí a wo owó ìbánigbófò, nítorí pé ibẹ̀ ni ìrànlọ́wọ́ wà jù. Orúkọ méjì ló sábà máa ń wà lára ṣẹ́ẹ̀kì náà, orúkọ àbúrò yín àti ti ẹni tó yá a lówó ọkọ̀, nítorí pé ọkọ̀ náà ni ìdógò. Kí ó má fọwọ́ sí ẹ̀yìn ṣẹ́ẹ̀kì náà kí agbẹjọ́rò tó rí i. Bí owó náà bá ju gbèsè tó kù lórí ọkọ̀ lọ, agbẹjọ́rò lè bẹ ilé ẹjọ́ pé kí wọ́n jẹ́ kí ó fi àlékù rẹ̀ ra ọkọ̀ mìíràn. Àwọn ilé ẹjọ́ kan tilẹ̀ ti gbà pé kí a fi odindi owó ìbánigbófò ra ọkọ̀ tí yóò rọ́pò èyí tó run gẹ́gẹ́ bí ìdógò, kí ìsanwó sì máa lọ bí ó ti ń lọ tẹ́lẹ̀. Èyí ni mo fẹ́ràn jù nínú gbogbo rẹ̀, nítorí pé kò bí gbèsè tuntun. Bí ó bá sì jẹ́ pé awakọ̀ akẹ́rù náà ló jẹ̀bi, owó tí wọ́n bá san fún un nítorí ẹsẹ̀ tó fi pa gbọ́dọ̀ di mímọ̀ fún ilé ẹjọ́ pẹ̀lú.

Ọmọ Ṣábẹ̀ẹ́

Mo ka gbogbo rẹ̀, mo sì dúpẹ́ lọ́wọ́ Onítumọ̀, ṣùgbọ́n ọ̀sẹ̀ mélòó kan pọ̀ jù fún ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ fẹ́ bọ́. Kí ló burú nínú kí ìbátan ẹni fi orúkọ rẹ̀ ra ọkọ̀? Lọ́dọ̀ wa ní Ṣábẹ̀ẹ́, bí ìṣòro bá dé bá ẹnìkan nínú ẹgbẹ́ àjọ, ẹlòmíràn a yọ̀ǹda ìgbà tirẹ̀ fún un, alùpùpù tí ó bá sì rà a wà lórúkọ ẹni tó yọ̀ǹda owó títí yóò fi san án tán. Kò sí ẹni tó ń pe ìyẹn ní èrú. Àbí òfin tiwọn kò mọ ẹbí ni?

Onítumọ̀ (Àjàṣẹ́)

Arákùnrin mi, ohun tí ẹ sọ nípa àjọ dára, ojúlówó ìrànlọ́wọ́ sì ni, nítorí pé gbogbo ẹgbẹ́ ló mọ ẹni tó gba owó àti ẹni tí yóò san án. Níhìn-ín ni ọ̀ràn ti ìbátan yìí ti yàtọ̀. Nígbà tí ó bá lọ yáwó, ẹni tó fẹ́ yá a lówó yóò bi í bóyá òun fúnra rẹ̀ ni yóò máa lo ọkọ̀ náà. Bí ó bá ní bẹ́ẹ̀ ni, ó ti purọ́ sórí ìwé tó fọwọ́ sí, ọ̀ràn lèyí sì jẹ́ lábẹ́ òfin. Ilé-iṣẹ́ ìbánigbófò náà yóò béèrè ẹni tí yóò máa wà á; bí wọ́n bá fi orúkọ àbúrò Aláṣọ pamọ́, tí jàǹbá sì tún ṣẹlẹ̀, wọ́n lè kọ̀ láti sanwó. Ní ti àbúrò náà, ìbúra ni ó fi ṣe gbogbo ìwé tó wà níwájú ilé ẹjọ́. Owó tí ó bá ń fún ìbátan rẹ̀ lóṣooṣù yóò hàn nínú ìwé bánkì rẹ̀, alábòójútó sì lè béèrè fún ìwé yẹn nígbàkígbà.

Ohun tí ìbátan náà lè ṣe láìbẹ̀rù wà. Bí ó bá ní ọkọ̀ kan tí kò lò tó, kí ó yá àbúrò rẹ̀ lò ní gbangba fún ọ̀sẹ̀ tí wọ́n fi ń dúró de àṣẹ, kí wọ́n kọ orúkọ àbúrò náà sínú ìwé ìbánigbófò ọkọ̀ náà, kí wọ́n sì sọ fún agbẹjọ́rò. Ó tún lè dúró gẹ́gẹ́ bí onídùúró nínú owó yíyá tí ilé ẹjọ́ bá fọwọ́ sí, kí èlé rẹ̀ lè dín kù. Ṣùgbọ́n kí ó mọ̀ pé onídùúró ni yóò san án bí ẹni tó yáwó kò bá lè san án.

Ní ti ilé ìtajà ọkọ̀ tó ní kí ilé ẹjọ́ má gbọ́, mo bẹ̀ yín, kí ó sá fún wọn. Mo ṣe ògbufọ̀ fún ọkùnrin kan tó gba irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹ̀rọ kékeré kan wà lábẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù rẹ̀ tó ń fi ibi tí ọkọ̀ wà han oníṣòwò náà, tó sì lè mú kí ẹ́ńjìnnì kọ̀ láti ṣí bí owó bá fi ọjọ́ díẹ̀ pẹ́. Ó ń lọ síbi iṣẹ́ ní ìdájí ọjọ́ kan, ọkọ̀ kò ṣí. Kó tó di ọjọ́ kejì, wọ́n ti wá wọ́ ọ lọ, gbèsè rẹ̀ sì ṣì wà nílẹ̀. Ohun tó dùn mí jù ni pé agbẹjọ́rò kan náà tó bá a tún ọ̀ràn yìí ṣe lẹ́yìn náà ló lè bá a gba àṣẹ láti ìbẹ̀rẹ̀ bí ó bá béèrè.

Olùkọ́ Ìṣirò (Kétu)

Ẹ jẹ́ kí n fi iye owó sí i, kí ẹ lè kà á níbi ìpàdé. Ká ní ọkọ̀ náà jẹ́ 12,000 dọ́là, tí ó sì yá gbogbo rẹ̀. Bí èlé bá jẹ́ 8% lọ́dún fún oṣù 60, nǹkan bí 243 dọ́là ni yóò máa san lóṣooṣù, gbogbo rẹ̀ yóò sì sún mọ́ 14,600. Bí èlé bá jẹ́ 20%, irú èyí tí wọ́n máa ń bù fún ẹni tí orúkọ rẹ̀ ti bàjẹ́ lọ́dọ̀ àwọn olùyánilówó, yóò di 318 dọ́là lóṣooṣù, gbogbo rẹ̀ yóò sì lé ní 19,000. Èlé nìkan ti ju ìdajì owó ọkọ̀ lọ. Bí ó bá san án ní oṣù 36 pẹ̀lú 20% yẹn, 446 dọ́là ni lóṣooṣù, ṣùgbọ́n gbogbo rẹ̀ kò ní ju nǹkan bí 16,050 lọ.

Ẹ wò ó nísinsìnyí: bí ẹbí bá fi 5,000 kún owó ìbánigbófò tó ṣẹ́kù, tí ó sì ra ọkọ̀ tí kò ju 7,000 lọ, ó ṣeé ṣe kí ó má yá ohunkóhun. Ìwọ̀n eku ni ìwọ̀n ìtẹ́. Alábòójútó fúnra rẹ̀ kò ní fọwọ́ sí ọkọ̀ olówó ńlá.

Ẹ má sì lọ yáwó ní Àjàṣẹ́ láti fi ránṣẹ́. BCEAO, bánkì àpapọ̀ àwọn orílẹ̀-èdè Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà tó ń ná owó sẹ́fà, ti fi òpin sí èlé lọ́dọ̀ wa láti ọdún 2014, 15% fún bánkì, 24% fún ilé ìyánilówó kékeré, ṣùgbọ́n òpin yẹn gan-an ṣì wúwo fún ọlọ́jà. Ẹ ó kàn gbé gbèsè kúrò lọ́rùn àbúrò wá sọ́rùn ẹ̀gbọ́n ni.

Ìyá Onírẹsì (Àjàṣẹ́)

Ọmọ mi obìnrin tó wà ní Faransé ti rí irú èyí, nítorí náà mo fẹ́ fi kún un fún àwọn tí ọmọ tiwọn wà níbẹ̀. Lọ́hùn-ún, ọ̀dọ̀ Banque de France ni ìgbìmọ̀ tó ń gbọ́ ọ̀ràn gbèsè àwọn aráàlú wà, láti ìgbà tí òfin ọdún 1989 ti dá a sílẹ̀. Ètò ìsanwó tí wọ́n bá ṣe fún ènìyàn kì í sábà ju ọdún méje lọ, orúkọ onígbèsè a sì wọ inú ìwé kan tí gbogbo bánkì ń wò, tí wọ́n ń pè ní FICP. Bákan náà ni níbẹ̀: bí ó bá yáwó tuntun láìgbàṣẹ, ó lè pàdánù gbogbo ààbò tí ètò náà fún un. Ṣùgbọ́n wọ́n ní owó yíyá kékeré kan tó lè tó 8,000 yúrò, ó wà fún àwọn tí bánkì kò fẹ́ yá lówó, wọ́n sì máa ń fi ra ọkọ̀ tí ènìyàn yóò máa gbé lọ síbi iṣẹ́. Ẹgbẹ́ aláàánú kan ló bá ọmọ mi kọ ìwé rẹ̀, ìgbìmọ̀ fọwọ́ sí i, ó ra ọkọ̀ kékeré kan, ó sì ń bá iṣẹ́ nọ́ọ̀sì rẹ̀ lọ títí di òní.

Ọmọ Ṣábẹ̀ẹ́

Àlàyé Onítumọ̀ ti yé mi, ìṣirò Olùkọ́ náà sì ti là mí lójú. Èmi náà gbà báyìí pé kí ìbátan yẹn má fi orúkọ rẹ̀ ra nǹkan. Ohun tó kàn ń dùn mí ni pé àwọn tó wà lókè òkun ní ilé ẹjọ́ tó ń gba onígbèsè là, ṣùgbọ́n lọ́dọ̀ wa níbí kò sí irú òfin bẹ́ẹ̀.

Akọ̀wé Kétu

Ó wà, ọmọ mi, ṣùgbọ́n kì í ṣe fún gbogbo ènìyàn. Bẹ̀nẹ̀ wà lára àwọn orílẹ̀-èdè OHADA, àjọ tó mú òfin òwò àwọn orílẹ̀-èdè Áfíríkà kan ṣọ̀kan, tí wọ́n fọwọ́ sí àdéhùn rẹ̀ ní Port-Louis ní ọdún 1993, òfin kan sì wà lórí àwọn tó wà nínú gbèsè, èyí tí wọ́n tún ṣe ní Grand-Bassam ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2015. Oníṣòwò, oníṣẹ́ ọwọ́, àgbẹ̀ àti ẹnikẹ́ni tó ń ṣe iṣẹ́ ara rẹ̀ lè lo òfin yìí. Kódà ó ní ọ̀nà tó rọrùn fún ilé-iṣẹ́ kékeré, ìyẹn èyí tí òṣìṣẹ́ rẹ̀ kò ju 20 lọ, tí ọjà tí ó tà láàárín oṣù 12 kò sì ju mílíọ̀nù 50 owó sẹ́fà lọ. Láti ọjọ́ tí oníṣòwò kò bá ti lè san gbèsè tó tó sísan, ọgbọ̀n ọjọ́ ni ó ní láti lọ sọ ọ́ nílé ẹjọ́. Bí ilé ẹjọ́ bá gbà pé òwò rẹ̀ ṣì lè dìde, wọn yóò yan syndic, ìyẹn alábòójútó, tì í, kò sì ní lè dá ra ọkọ̀ akẹ́rù láwìn lẹ́yìn syndic náà. Ẹ rí i pé ìlànà wọn jọra.

Ẹni tí òfin wa kò gbé dúró ni òṣìṣẹ́ olówó oṣù tí kò ní iṣẹ́ tirẹ̀ lọ́tọ̀. Bí àbúrò Aláṣọ bá jẹ́ òṣìṣẹ́ ìjọba níbí, kò sí Orí 13 fún un; yóò ní láti lọ bẹ bánkì fúnra rẹ̀ pé kí wọ́n tún ọjọ́ ìsanwó ṣe. Ó yẹ kí àwọn aṣòfin wa ronú sí i, mo sì ń sọ ọ́ pẹ̀lú gbogbo ọkàn mi, nítorí pé mo ti rí olùkọ́ tó fi ìtìjú gbèsè kó kúrò ní ìlú.

Mẹkáníìkì Catchi (Àjàṣẹ́)

Ẹ̀yin àgbà ti sọ ti òfin tán, ẹ jẹ́ kí n sọ ti ọkọ̀. Texas ni ó wà, ọkọ̀ àlòkù ni yóò sì rà. Lẹ́yìn ìjì Harvey ti oṣù kẹjọ ọdún 2017, ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọkọ̀ ni omi bò ní agbègbè Houston, irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ sì máa ń gba ebúté Kútọnu dé ọ̀dọ̀ wa nígbà mìíràn, tí wọ́n ti fọ̀ ọ́ mọ́, tí ó ń dán. Kí ó fa okùn ìjókòó jáde títí dé ìdí rẹ̀, kí ó wo ìsàlẹ̀ okùn náà dáadáa: omi ẹrẹ̀ a máa fi àmì sílẹ̀ níbẹ̀, nítorí pé ẹni tó ń fọ ọkọ̀ kì í fà á jáde tó bẹ́ẹ̀. Kí ó gbé kápẹ́ẹ̀tì sókè, kí ó wo ìdí àwọn bóòtù tó di àga mú bóyá wọ́n ti dípẹtà. Kí ó wo ìwé ọkọ̀ náà bóyá wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé ó ti bàjẹ́ rí. Kí ó san owó díẹ̀ fún mẹkáníìkì tí kò bá oníṣòwò náà tan láti yẹ̀ ẹ́ wò kí wọ́n tó fi ìwé rẹ̀ ránṣẹ́ sí agbẹjọ́rò. Bí ẹ́ńjìnnì bá tún kú ní oṣù kẹta, adájọ́ kan náà ni yóò tún padà lọ bẹ̀.

Aláṣọ Ouando (Àjàṣẹ́)

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo yín, Ọlọ́run yóò san án fún yín. A ti ṣe ìpàdé náà. Mo ka ọ̀rọ̀ Onítumọ̀ àti ìṣirò Olùkọ́ fún wọn, ìyá wa sì gbà pé kí a má ta ilẹ̀. Èmi àti àwọn àbúrò mi méjì yóò fi owó àjọ wa ti ìgbà yìí ránṣẹ́.

Àbúrò mi ti pe agbẹjọ́rò. Agbẹjọ́rò kò bá a wí rárá. Ó ní ó dára pé ó pè kí ó tó fọwọ́ sí ìwé. Wọ́n ti kọ̀wé sí ẹni tó ni gbèsè ọkọ̀ àtijọ́ nípa owó ìbánigbófò, àlékù díẹ̀ yóò sì wà. Ìbátan wa ní ọkọ̀ àtijọ́ kan tí ìyàwó rẹ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ lò, wọ́n ti kọ orúkọ àbúrò mi sínú ìwé ìbánigbófò rẹ̀. Ìbéèrè tó kù ni èyí: agbẹjọ́rò ní kí àwa tí a ń fi owó ránṣẹ́ kọ lẹ́tà. Kí ni kí a kọ sínú rẹ̀, ṣé kò sì ní di pé ilé ẹjọ́ yóò gba owó náà fún àwọn olówó?

Onítumọ̀ (Àjàṣẹ́)

Inú mi dùn púpọ̀ sí ìròyìn yìí, ẹ̀gbọ́n. Ìbéèrè yín ṣe pàtàkì, nítorí pé lábẹ́ Orí 13, ohun tí onígbèsè bá rí gbà lẹ́yìn tí ó ti wọ ilé ẹjọ́ lè wà lábẹ́ àkóso ilé ẹjọ́ títí ẹjọ́ yóò fi parí. Ìdí rèé tí ó fi yẹ kí agbẹjọ́rò dárúkọ owó náà nínú ìwé ẹ̀bẹ̀ rẹ̀, kí ó sì béèrè pé kí wọ́n fi ra ọkọ̀ nìkan. Ẹ má fi ránṣẹ́ kí ó tó sọ pé ó tó àsìkò.

Lẹ́tà náà kò gùn. Kí ẹ kọ orúkọ yín àti bí ẹ ti jẹ́ sí i, iye owó náà, pé ẹ̀bùn ni, pé ẹ kò retí kí ó san án padà, àti pé ọkọ̀ tí yóò máa gbé lọ síbi iṣẹ́ ni ẹ fi ń fún un. Ọ̀rọ̀ pé ẹ kò retí kí ó san án padà yìí gbọ́dọ̀ jẹ́ òtítọ́. Bí ẹnìkan nínú yín bá ní lọ́kàn pé yóò san án fún òun lọ́dún tó ń bọ̀, gbèsè tuntun ni, kí ẹni náà sì sọ ọ́ kí agbẹjọ́rò lè kọ ọ́ bí ó ti rí. Ẹ fọwọ́ sí i, ẹ kọ ọjọ́, kí ẹ sì tọ́jú ìwé tí bánkì bá fún yín nígbà tí ẹ bá ń fi owó náà ránṣẹ́. Bánkì Àjàṣẹ́ náà yóò béèrè ìdí tí owó fi ń jáde kúrò ní UEMOA, ìyẹn àwọn orílẹ̀-èdè Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà tó jọ ń ná owó sẹ́fà. Ẹ̀dà lẹ́tà kan náà ni kí ẹ fi hàn wọ́n.

Bí àṣẹ bá dé, kí ó kà á dáadáa kí ó tó lọ sanwó. Iye àti ìlànà tí wọ́n kọ sínú rẹ̀ ni àṣẹ náà mọ sí. Bí wọ́n bá ti ta ọkọ̀ tí ó fi han ilé ẹjọ́, kí ó bi agbẹjọ́rò bóyá ó lè mú òmíràn tí iye rẹ̀ kò jù bẹ́ẹ̀ lọ, kí ó má ṣe gba èyí tó wọ́n jù ú lọ nítorí pé oníṣòwò ní ìyàtọ̀ díẹ̀ ni. Kí ó ti gba ìwé ìbánigbófò kí ó tó wa ọkọ̀ náà kúrò níbẹ̀, kí ó sì fi ẹ̀dà gbogbo ìwé náà ránṣẹ́ sí ọ́fíìsì agbẹjọ́rò lọ́jọ́ kan náà.

Aláṣọ Ouando (Àjàṣẹ́)

Ó ti yé wa, Onítumọ̀. Lẹ́tà náà yóò wà lọ́wọ́ agbẹjọ́rò kí ọ̀sẹ̀ yìí tó parí, mo sì máa jẹ́ kí ẹ gbọ́ bí adájọ́ bá ti sọ̀rọ̀.